Ojú Kejì Kásẹ́ẹ̀tì Fàsílátù

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé ìgbà tí ibì kan bá bàjẹ́ ni èèyàn ń kúrò níbẹ̀. Irọ́ ni! Ẹnu ọ̀nà Fàsílátù ni mo gbé maṣíìnì ìránṣọ mi kalẹ̀ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú mi báyìí ni gbogbo èèyàn ṣe dà tọ̀ ọ́ wá, ojú mi náà ni wọ́n ṣe dà lọ, tí wọ́n tún sáré padà. Èmi nìkan ni mi ò kúrò. Kì í ṣe pé ìwà mi dára ju tiwọn lọ o. Maṣíìnì mi ló wúwo.

Ìyàwó Jímọ́ọ̀ ni Fàsílátù tí mò ń wí yìí, ní agbo ilé kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìwó níhìn-ín ní Èjìgbò. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó dúdú, ẹnu rẹ̀ sì mú. Àbíjàn ni ọkọ rẹ̀ wà, ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní àdúgbò Àjàmé níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun ìyanu lọ́dọ̀ wa. Ilé tí kò bá ní èèyàn ní Àbíjàn ni wọ́n máa ń bi pé kí ló dé.

Láyé ìgbà yẹn, mi ò mọ ẹnì kan tó ní fóònù nílé ní gbogbo àdúgbò wa. Lẹ́tà ni gbogbo wa gbójú lé. Ẹni tí kò mọ̀wé á lọ bẹ ẹni tó mọ̀ ọ́n, onítọ̀hún á sì bu ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù, á fi tara rẹ̀ dí i. O ní kó sọ fún ọmọ ẹ pé òrùlé ti ṣí lọ, òjò ń pa ẹ́, òun á kọ ọ́ pé ara ẹ le, o sì lérò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ. Irú kí ni ìyẹn?

Nígbà tó di Iléyá ọdún kan, ní nǹkan bíi 1986, Jímọ́ọ̀ gbé rẹ́kọ́dà bọ̀ láti Àbíjàn fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní kí ó lè máa gbọ́ ohùn òun ni. Ohùn ọkọ nìkan kọ́ ni Fàsílátù rí nínú ẹ̀rọ náà o, ó rí iṣẹ́. Ó gbá yàrá iwájú ilé mọ́, ó gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì, ó ra kásẹ́ẹ̀tì àti bátìrì sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ á wá jókòó, Fàsílátù á tẹ ẹ̀rọ, onítọ̀hún á sọ tẹnu rẹ̀ bó ṣe wà lọ́kàn rẹ̀. Yẹ̀kínì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Àbíjàn, ló ń kó kásẹ́ẹ̀tì lọ, òun náà ló ń kó èsì bọ̀.

Bí wọ́n bá ti kírun ọ̀sán Ẹtì tán, ẹ ò ní rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀ níwájú ilé yẹn. Fàsílátù á ki èsì bọnú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa á dákẹ́, à ń retí ẹni tí wọ́n máa dárúkọ. ‘Ẹ bá mi kí Ìyá mi, ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, ẹ bá mi kí Olúrántí...’ Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ á fò sókè, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó jẹ oyè. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ tèmi láti Àbíjàn pé ‘ẹ kí Àbẹ̀ní télọ̀,’ mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ mọ bí a ṣe ń kí èèyàn nílẹ̀ yìí. Àgbà ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ ẹ̀rọ, ìyá ọkọ ló máa gbà á. Á kí ọmọ rẹ̀, á kì í, á ṣàdúrà, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn tí wọ́n jọ ń gbé lọ́hùn-ún níkọ̀ọ̀kan, nítorí bó bá fo ẹnì kan, ìjà ti dé nìyẹn. Ó kan bàbá kékeré. Ó kan àwọn ọmọ ilé, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìyàwó ló gbẹ̀yìn. Nígbà tí ìyàwó bá fi máa kúnlẹ̀ síwájú rẹ́kọ́dà pé ‘Ọkọ mi, èmi náà kí yín o,’ gbàgà! Kásẹ́ẹ̀tì ti tán. Fàsílátù tó ni ẹ̀rọ pàápàá kò yọ nínú ẹ̀. Ta ló máa sọ fún ìyá ọkọ pé ó tó báyìí? Gbogbo wa rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, a ò sì rò ó síwájú síi.

Ọdún bíi mélòó kan kọjá bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Ni Mùtàlíbù, ọmọ ìlú wa kan, bá ti Àbíjàn dé, ó ní iṣẹ́ kásẹ́ẹ̀tì lòun náà fẹ́ ṣe.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọkùnrin yẹn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó gbé dé! Sípíkà rẹ̀ ga tó ilẹ̀kùn. Ó ní jẹnẹrétọ̀, NẸ́PÀ ì báà múná lọ, kò kàn án. Ó to àga oníke sábẹ́ ìbòòji nítòsí gáréèjì, ó ní míńírà tútù, bí o bá sì ti yọjú báyìí, á fi Faransé kí ọ pé ‘Bọ̀ǹjúù, madámù.’ Bí ọmọ ẹni bá sọ̀rọ̀ láti Àbíjàn, àwọn tó wà ní mọ́ṣáláṣí ń gbọ́. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ níbẹ̀, gbogbo Èjìgbò ló gbọ́ ọ.

Ta lẹ rò pé ó kọ́kọ́ lọ? Ìyá ọkọ Fàsílátù fúnra rẹ̀! Ìyá Jímọ́ọ̀, ìyá tó bí Jímọ́ọ̀ tó bí Mùkáílà, àwọn méjèèjì wà ní Àbíjàn, tó wá bí Ràmọ́nù tó wà nílé. Mo rí i tó wé gèlè ńlá kọjá níwájú mi. Mo kí i, mo ní, ‘Ìyá, ibo ni ẹ̀ ń lọ lọ́sàn-án yìí?’ Ó ní òun ń lọ kí ẹnì kan ní gáréèjì. Nígbà tó ṣe, a gbọ́ ohùn Mùkáílà tó ń bú jáde láti gáréèjì: ‘Ẹ bá mi kí ìyá mi, abiyamọ tòótọ́!’ Fàsílátù wò mí, mo wò ó.

Àwọn ọmọ Ìyá Jímọ́ọ̀ máa ń kí ìdajì àdúgbò nínú kásẹ́ẹ̀tì kan. Ibi tí kásẹ́ẹ̀tì wọn bá ti ń dún, ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń kí gbọ́dọ̀ wà. Àwọn yẹn lọ. Àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn náà lọ. Inú bí mi, mo dá Ìyá Àbẹ̀bí, ọ̀kan nínú wọn, dúró lọ́jọ́ kan, mo ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Fàsílátù fi ṣẹ̀ yín?’

Ó ní, ‘Kò ṣẹ̀ mí o. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá wá síbí, ta ni mo fẹ́ bá níbẹ̀?’

Ṣé ẹ gbọ́? Nítorí sípíkà kọ́, nítorí míńírà kọ́. Ibi tí èèyàn ẹni bá wà lèèyàn ń lọ. Mo sì fẹ́ bú u tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ mi ò rí nǹkan kan mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Fàsílátù sa gbogbo ipá rẹ̀. Ó ra àga oníke, ó fi kọ́tìnì sójú fèrèsé, ó ń bu omi tútù fún ẹni tí kò bèèrè. Kò sẹ́ni tó yà. Kọ́tìnì náà, èmi ni mo rán an, iṣẹ́ mi ò sì burú.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dun Fàsílátù ni pé Ràmọ́nù àbúrò ọkọ rẹ̀ ń ta sìmẹ́ǹtì, ojú rẹ̀ sì ti wà lára yàrá yẹn tipẹ́. Ràmọ́nù ti dáyé kí wọ́n tó gbé Fàsílátù wọlé. Bí Fàsílátù tilẹ̀ dàgbà jù ú lọ, ‘ọkọ mi’ ló gbọ́dọ̀ máa pè é, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ti ń dá a lóhùn. Ràmọ́nù mú ẹjọ́ tọ ìyá rẹ̀ lọ pé yàrá ṣófo, sìmẹ́ǹtì òun ń dì síta. Ìyá dájọ́: bí Iléyá bá kọjá tí yàrá ò bá tíì lérò, kí Ràmọ́nù máa lò ó.

Fàsílátù wá jókòó tì mí lọ́jọ́ náà. Ó ní, ‘Àbẹ̀ní, bí wọ́n bá gba yàrá yìí, àfi kí n padà máa nawọ́ gba owó ọbẹ̀ tí ọkọ mi bá fi rán awakọ̀. Mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mi ò fẹ́ rántí ẹ̀.’ Omi lé ròrò sí i lójú. Èmi náà bá ń fẹsẹ̀ wa maṣíìnì tí kò sí aṣọ lábẹ́ ẹ̀.

Lọ́sàn-án Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ariwo ẹ̀rín ta láti gáréèjì. Kò pẹ́ ni Bàrákátù, ìyàwó Mùkáílà, ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ẹkún. Ọmọdé ìyàwó ni, kò tíì pẹ́ nílé ọkọ tí ọkọ fi padà sí Àbíjàn. Wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ nínú sípíkà ńlá yẹn. Mùkáílà ní, ‘Bàrákátù, ṣé o ti yadi ni? Gbogbo ayé ló ń kí mi, ìwọ nìkan ni mi ò gbóhùn ẹ. Bó o bá ti ní ọkọ mìíràn, sọ fún mi kí n mọ ibi tí mo máa kọrí sí.’ Gbogbo èèyàn tó jókòó lábẹ́ ìbòòji bú sẹ́rìn-ín.

Bàrákátù wólẹ̀ síwájú Fàsílátù. Ó ní, ‘Ìyáálé mi, ẹ gbà mí. Mo máa ń sọ̀rọ̀! Gbogbo ìgbà ni mo máa ń sọ̀rọ̀! Kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń tán!’

Fàsílátù dìde. Ó fà á wọ yàrá, ó ki kásẹ́ẹ̀tì tuntun sínú ẹ̀rọ, ó fi ibi tó máa tẹ̀ hàn án, ó sì jáde. Ó fa ilẹ̀kùn dé.

Mo ní, ‘Ìwọ tó o ni ẹ̀rọ, kí lo wá ṣe níta?’

Ó ní, ‘Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Kí ni mo fẹ́ gbọ́ ọ fún?’

A jókòó. Nígbà tó yá, a gbọ́ ẹkún. Ó tún ṣe díẹ̀, ni a bá gbọ́ ẹ̀rín, ẹ̀rín kẹ́kẹ́ bíi ti ọmọge. Nígbà tí Bàrákátù jáde, ojú rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti fúyẹ́, ó ń rìn bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Fàsílátù ń wò ó, ó ń wò ó. Lójijì ló pàtẹ́wọ́.

‘Háà! Àbẹ̀ní! Kì í ṣe àga! Kì í ṣe omi tútù!’

‘Kí ni kì í ṣe àga?’

Ó wọlé lọ mú kásẹ́ẹ̀tì náà, ó yí i padà lójú mi. Ó ní, ‘Wò ó. Ojú méjì ló ní. Ojú kan ni Bàrákátù lò. Ìkejì ṣì ṣófo.’

Bó bá jẹ́ obìnrin mìíràn ni, ńṣe ni ì bá fi kásẹ́ẹ̀tì náà lé Yẹ̀kínì lọ́wọ́ lábẹ́ aṣọ. Ìyẹn ì bá sì dá ogun sílẹ̀ nínú agbo ilé, nítorí ìyàwó tó bá ránṣẹ́ sí ọkọ lẹ́yìn ìyá ọkọ, wọ́n á ní ó fẹ́ já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá ni. Fàsílátù ò gba ẹ̀yìn. Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ bá Ìyá Jímọ́ọ̀ ní ojúmọmọ, ó ní kí èmi náà tẹ̀ lé òun. Mi ò fẹ́ lọ o! Ẹ̀rù bà mí. Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe máa parí ni.

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, ‘Ìyá wa, kásẹ́ẹ̀tì ọkọ mi Mùkáílà rèé. Ojú kìn-ín-ní, tiyín ni, ẹ sọ ohun tó bá wù yín títí táá fi tán. Ojú kejì, ti ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ti sọ tirẹ̀.’

Ìyá gba kásẹ́ẹ̀tì. ‘Fi í sí ẹ̀rọ kí n gbọ́.’

‘Ìyá, kò ṣeé gbọ́.’

Ẹ̀yin èèyàn! Ojú Ìyá yí. ‘Kí ni Bàrákátù fẹ́ bá ọmọ mi sọ tí etí mi ò gbọdọ̀ gbọ́? Ọmọ tí mo fi oyún rẹ̀ ru igi láti ìlú Ọlá wá sílé! Fàsílátù, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́?’

Fàsílátù ò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, ‘Ẹ má bínú, Ìyá wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Nígbà tí ẹ̀yin ń ṣe ìyàwó nínú ilé yìí, tí Bàbá wa ṣì wà láyé, ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá Bàbá sọ ni ìyá ọkọ yín gbọ́?’

Mo ti ń wo ojú ọ̀nà tí mo máa gbà sá. Ni ẹ̀rín bá já Ìyá Jímọ́ọ̀ gbà, ó ń rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́ lórí rẹ̀.

‘Ọmọ yìí, ẹnu rẹ yóò pa ọ́! Tí ìyá ọkọ mi bá gbọ́, ṣé mo máa lè gbé inú ilé yìí ni?’ Ó nu ojú rẹ̀. ‘Ó dáa. Jẹ́ kí n wá sọ tèmi.’

Ó wá sí yàrá Fàsílátù fúnra rẹ̀, ó sọ tirẹ̀ sójú kìn-ín-ní, ó kì í, ó ṣàdúrà, ó kí gbogbo Àjàmé. Nígbà tó tán, a rò pé yóò dìde. Kò dìde. Ó wo Fàsílátù, ó wò mí láti ojú fèrèsé. Ó ní, ‘Kásẹ́ẹ̀tì mìíràn wà níbẹ̀? Ki í bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá Jímọ́ọ̀ nìkan sọ, àwọn àbúrò rẹ̀ ò gbọdọ̀ gbọ́ sí i. Fàsílátù, jáde. Ìwọ télọ̀, gbé àga ẹ sẹ́yìn.’

Mo gbé àga mi sẹ́yìn. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sígboro. Àwọn obìnrin gbọ́ pé Fàsílátù ń fún ìyàwó ní ojú kejì, ó sì ń tilẹ̀kùn. Wọ́n ti Ọlá wá, wọ́n ti ìlú Ara wá, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kò sì pẹ́ tí àwọn ìyá ọkọ náà ń bọ̀, nítorí ó hàn gbangba pé àgbà náà ní ohun tí kò fẹ́ kí sípíkà gbé dé mọ́ṣáláṣí. Ìyá Àbẹ̀bí kọjá níwájú mi, ó ń dọ́gbọ́n wo ibòmíràn. Mo ní, ‘Ìyá, ta lẹ fẹ́ bá níbẹ̀?’ Ó kàn juwọ́ sí mi, ó wọlé.

Mùtàlíbù gbìyànjú láti ṣe tirẹ̀. Ó pààlà sí yàrá kan, ó fi ilẹ̀kùn sí i, ó ní òun náà ti ní ojú kejì. Ẹ̀rín pa mí. Ìyàwó ta ló máa wọ yàrá ọkùnrin ní gáréèjì, tí yóò sì tilẹ̀kùn? Kó wá padà sílé kó máa sọ pé ọkọ òun lòun ń bá sọ̀rọ̀! Kò sẹ́ni tó dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn. Ọkùnrin náà kò kú o, ó ń fi sípíkà rẹ̀ yá wọn níbi ìsọmọlórúkọ, ó ń jẹun. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń rán àwọn obìnrin sí Fàsílátù.

Èsì Mùkáílà dé. Fàsílátù ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ojú kejì rẹ̀. Ó pe Bàrákátù, ó fi í sílẹ̀ nínú yàrá, ó jáde. Bàrákátù pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Nígbà tó jáde, ó ń tún gèlè rẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ dáadáa wé.

Mo ní, ‘Kí ló wí?’

Ó ní, ‘Ó ní kí n kí yín, pé ẹ kú iṣẹ́.’

Òpùrọ́! Mo bi í lẹ́ẹ̀kan síi, ó sá lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Iléyá kù dẹ̀dẹ̀, bọ́ọ̀sì Yẹ̀kínì dúró, Mùkáílà fúnra rẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ̀yin ẹ parí ìyókù.

Iléyá kọjá. Ẹjọ́ tí Ìyá dá ṣì wà nílẹ̀, kò sì tíì sọ pé òun yí i padà. Fàsílátù ò lè jẹun láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ràmọ́nù fúnra rẹ̀ kì í sábà gba iwájú wa, ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ló máa ń wà, kò mọ nǹkan tó ń lọ. Lọ́sàn-án, ọkọ̀ akẹ́rù kan yà sí iwájú ilé, sìmẹ́ǹtì ló kún inú ẹ̀, Ràmọ́nù jókòó síwájú.

Ó bọ́ sílẹ̀. Ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n tò láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé ẹ̀bá títì, àwọn kan jókòó sórí àga oníke, àwọn kan ń fún ọmọ lọ́mú. Fàsílátù kúnlẹ̀, ó ní, ‘Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi.’

Ràmọ́nù kọjá lára rẹ̀. Ó ní, ‘Kí ni gbogbo èyí? Ta ló wà nínú yàrá mi?’

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ìyá Jímọ́ọ̀ yọ orí jáde.

‘Èmi ni. Yàrá ta lo pè é?’

‘Ìyá, ẹ ní bí Iléyá bá kọjá...’

‘Mo ní bí kò bá lérò. Ìwọ náà ka èrò tó wà nílẹ̀ yìí, ojú rẹ ò fọ́. Yàrá Fàsílátù ni, títí ayé. Má jẹ́ kí n tún un sọ.’ Ó nawọ́ sí ọkọ̀. ‘Gbé sìmẹ́ǹtì ẹ lọ. Àárín ọ̀rọ̀ lo ti já mi.’

Àwọn obìnrin hó yèè! Ẹnì kan láti Ara bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Fàsílátù ò lè dìde níbi tó kúnlẹ̀ sí, èmi ni mo lọ fà á dìde, àwa méjèèjì ń sunkún, a tún ń rẹ́rìn-ín.

Ràmọ́nù dúró. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ yí padà, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọmọdé. ‘Ìyá, ẹ̀gbọ́n mi lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ mi lẹ ń sọ?’

‘Kò kàn ọ́.’

‘Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi sí i náà, kó má jẹ́ ẹjọ́ apá kan.’

‘O fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n ẹ sọ̀rọ̀?’ Ìyá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilẹ̀kùn dé. ‘Tò sẹ́yìn.’

Ràmọ́nù sọ fún onímọ́tò pé kó dá sìmẹ́ǹtì padà sí ìsọ̀. Ó rìn kọjá níwájú gbogbo wa, ó lọ tò sẹ́yìn ìyàwó ará Ara kan tó pọn ìbejì.